Ọmọláńgidi Kì í Sọ̀rọ̀

Bàbá Dúró-Ńbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà kò sì ṣàdédé. Iṣẹ́ tó ṣe jẹun ni pé kó jókòó ti àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, kó dán wọn wò, kó tó buwọ́ lùwé pé wọ́n lè bọ́ sójú títì. Kó o tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, "Dúró ńbẹ̀!" Kó o tó yí sítíárìn, "Dúró ńbẹ̀!" Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó sọ fún ẹnu rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì tà, bá fẹ́ ti páànù bọ inú ààrò, Bàbá á ní kó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, kó wo òsì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì yìí níwèé ìwakọ̀ o, ọ̀gá mìíràn ló dán an wò, ó sì yege. Àmọ́ ìgbàkígbà tó bá fẹ́ wa ọkọ̀, ta ló ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n dé oríta tó wà nítòsí ilé, Bàbá figbe ta, "Dúró ńbẹ̀!" Nọ́ọ̀sì tẹ bíréèkì gbì, ọkọ̀ kú sáàárín títì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ọ̀kan ń bú u, èkejì ń fi í ṣẹ̀sín. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan sítíárìn mọ́ láyé òun.

Iṣẹ́ tuntun sì ń bẹ nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ máa wa ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ tọ́jú àwọn arúgbó tí kò lè jáde nílé. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wá irú iṣẹ́ yẹn. Bí kò bá lè wakọ̀, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ò ní àsọtúnsọ. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di Sátidé, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó.

Ọ̀sán Sátidé náà ni ọmọ nọ́ọ̀sì gbé páálí kan wọlé, ó gbé e kalẹ̀ láàárín tábìlì. Lọ́yà ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè bá àgbàlagbà jà lé lórí. Kò sí ọmọ tí kò tíì wo fíìmù *Pẹ́pẹ́yẹ Onítáyà*. Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi igi gbẹ́, tó ní táyà mẹ́rin, tó ń gbé àwọn nǹkan ìṣeré ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri inú ilé. Wọ́n ti yà á sára táwẹ́lì, wọ́n ti yà á sára búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Báyìí, wọ́n ti sọ ọ́ di eré orí tábìlì. Ọ̀fìnkìn ló dá àwọn ọ̀rẹ́ Lọ́yà dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bá a ṣe é, ló bá gbé e wá bá àwọn ará ilé.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jókòó," ni Lọ́yà wí. "Èmi ni Apìtàn."

Eré náà kò le. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú káàdì kan, á di nǹkan ìṣeré tó bá wà lórí rẹ̀. Á máa sọ ohun tó fẹ́ ṣe, Apìtàn á sọ iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ já sí, dáìsì á sì ṣèdájọ́. Màmá àgbà mú mọ́tò panápaná, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú Pẹ́pẹ́yẹ Onítáyà gan-an. Bàbá yí káàdì tirẹ̀ síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí lèyí?"

"Ọmọláńgidi ni yín, Bàbá àgbà. Ẹ̀yìn Pẹ́pẹ́yẹ lẹ máa jókòó sí."

"Kí ni mo lè ṣe?"

"Ẹ lè dì í mú."

"Kí ni mo lè sọ?"

"Ẹ ò lè sọ nǹkan kan. Ohùn ọmọláńgidi nìkan ni èèyàn máa ń gbọ́. Tó bá lanu pẹ́nrẹ́n, onílé á wá wò, gbogbo nǹkan ìṣeré á sì dúró gbagidi."

Ẹ̀rín gbé Màmá àgbà lọ, awò ojú rẹ̀ já bọ́ sínú ife tíì. "Yéè! Ta ló kọ òfin yìí, kí n gbé búrẹ́dì lọ fún un? Bàbá ọmọ mi, a kì í dákẹ́ ká ṣì wí o!"

Bàbá fẹ́ fèsì, Lọ́yà na ìka sí i. Ó pa ẹnu dé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú eré rèé: àwọn onílé ń kó lọ, ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti gbàgbé àwọn nǹkan ìṣeré sí yàrá òkè. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ. Ológbò kan sì ń sùn lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Mo da gbogbo omi mi lé ológbò lórí," ni Màmá àgbà wí.

"Gbogbo ẹ̀? Màmá àgbà, ó ń sùn o! Kí ló ṣe yín?"

"Ojú ẹ̀ ò mọ́."

Ológbò jí. Ha, ariwo sọ nínú ilé! Màmá àgbà ń sá, kò sí omi nínú táńkì rẹ̀ mọ́, ó ń fọn fèrè panápaná, "Pí-pò, pí-pò!" Nọ́ọ̀sì gan-an gbàgbé ara rẹ̀, ó dìde dúró. "Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi! Mo ń já bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti wo iwájú, ọ̀nà mọ́, mo yà sí ọ̀tún..."

"DÚRÓ ŃBẸ̀!"

Bàbá fọwọ́ bo ẹnu, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Ọmọláńgidi sọ̀rọ̀," ni Lọ́yà wí, bí adájọ́. "Onílé yọjú. Pẹ́pẹ́yẹ dúró gbagidi. Ológbò dé, ó gé táyà ẹ̀yìn kan lọ." Ó sì yọ táyà kékeré náà kúrò lára pẹ́pẹ́yẹ onígi tó wà lórí tábìlì.

"Mo fẹ́ gbà á là ni!" ni Bàbá wí. "Kò wo òsì!"

"Kò sí nǹkan kan lósì, Bàbá àgbà. Ìgbà tó dúró ni ológbò bá a."

Màmá àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, kò rín in mọ́. Nọ́ọ̀sì ti jókòó, ó ń wo pẹ́pẹ́yẹ tó ku táyà mẹ́ta.

"Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Màá ti rí ọ̀nà, màá ti fẹ́ kọjá. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn yẹn báyìí, ẹsẹ̀ mi kì í ṣe tèmi mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára ṣinṣin. Àìmọye èèyàn ló ti pariwo mọ́, ó gbà pé òun ló dá ẹ̀mí wọn sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé igbe náà ló ń gé táyà. Ó dùn ún gan-an. Ó yọ áńkáṣíìfù jáde lápò, ó ká a kúnjọ, ó kì í bọ ẹnu, ó sì gbé orí sókè kí eré máa lọ.

Wọ́n dé orí àtẹ̀gùn. Ológbò ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dún níta. Lọ́yà ní kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Níkọ̀ọ̀kan kẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Gbé tíréè orí àtẹ̀gùn yẹn wá! A jókòó lé e, a yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

Ojú Bàbá ràn kankan. Lórí táyà mẹ́ta! Láìsí bíréèkì! Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, áńkáṣíìfù ń mì lẹ́nu rẹ̀, Màmá àgbà sì ti dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fọwọ́ lù ú, "Ẹ gbà mí o, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí!"

"Márùn-ún lẹ ní láti jù," ni Lọ́yà wí.

Nọ́ọ̀sì mi dáìsì, ó jù ú. Ó yí, ó yí, ó já sí mẹ́rin.

Bàbá ò mọ òfin, kò mọ ohunkóhun. Ó kàn na ọwọ́, ó fi di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ kún fún aṣọ.

"Ó dì í mú!" Lọ́yà fò sókè. "Tí ọmọláńgidi bá di awakọ̀ mú, tí kò sì sọ̀rọ̀, ẹ fi ọ̀kan kún un! Ó di márùn-ún!"

Háà, ẹ ò bá gbọ́ igbe! Nọ́ọ̀sì ń jó yí tábìlì po, Màmá àgbà ń fọn pí-pò, bísíkíìtì fọ́n ká ilẹ̀, Bàbá ń pariwo ayọ̀ nínú áńkáṣíìfù bí ẹni tí wọ́n dì mọ́ inú àpò. Pẹ́pẹ́yẹ yọ̀ wálẹ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ onílé, ó bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó fi na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó já kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. "Ẹ dìde, ká tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá rìn dé ilẹ̀kùn iwájú bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró. Ó yí padà, ó ṣí ti ẹ̀yìn, ó wọlé jókòó ti Lọ́yà, ó sì de bẹ́líìtì. Kò yọ áńkáṣíìfù.

Wọ́n jáde ní géètì. Wọ́n kọjá ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n kọjá ilé ìwé. Wọ́n dé oríta ọjọ́sí. Nọ́ọ̀sì rọra dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀nà mọ́. Síbẹ̀ ọkọ̀ ò kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ ti gan mọ́ sítíárìn, ẹnì kan sì ti ń fọn fèrè lẹ́yìn. Ó gbójú sókè sínú dígí, ó rí bàbá rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ràn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti di ẹ̀yìn àga awakọ̀ mú gírígírí.

"Bàbá, ẹ yọ aṣọ yẹn. Ẹ sọ̀rọ̀."

"Ọmọláńgidi kì í sọ̀rọ̀!" ni Lọ́yà kígbe.

"Mo fún wọn láyè," ni nọ́ọ̀sì wí.

Bàbá yọ áńkáṣíìfù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, nítorí àgbà kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá nu ẹnu tí kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún awakọ̀ kankan rí.

"Máa lọ," ó wí. "Máa lọ, ọmọ mi."