Ẹni Tó Gbé Iná Sókè Lórí Afárá

3.

…funfun báláú, tó ń gún ni lójú. Irú iná yẹn kì í ṣe iná ọmọlúàbí. Bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọlọ́pàá nìyẹn. Ó ní kí n yọ "ọmọlúàbí" kúrò.


4.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, kó má baà di pé ẹlòmíì ń bá mi sọ ọ́ káàkiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mò ń gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé. Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀. Bí a ṣe gun afárá, ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú, ó gbé iná sókè, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo forí ọkọ̀ sọ irin ẹ̀gbẹ́ afárá. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi kán. Aránṣọ ni. Ọkọ̀ kejì kò dúró.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ládùúgbò yìí. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Ẹ ti wá mọ ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ rí onítọ̀hún.


5.

ÀWỌN TÍ ARA Ń FU MÍ SÍ

— Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta gílóòbù ọkọ̀ ní òpópónà kejì. Èyí tó lè jí òkú ló ń tà. Mo bi í pé ta ló ń rà á. "Gbogbo ayé," ló wí. Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

— Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ní kó lọ tún ọkọ̀ kọ́. Bàbá rẹ̀ ti ra ọkọ̀ tuntun.

— Dókítà ojú. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe ojú mi. Ó yá a lẹ́nu jù.

— Ìyàwó mi.


6.

Ìyàwó mi, nítorí pé kò tíì bi mí léèrè nǹkan kan.


7.

(Mo fa èyí ya, bíi ti 1, 2, 15 àti 20.)


8.

Àtẹ̀jíṣẹ́

ÈMI: Kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ẹ ní ọsibítù?
ÌYÀWÓ: Ó ní kí n bá òun yí ìrọ̀rí padà.
ÈMI: Ọ̀rọ̀ iná ni mò ń bi ẹ́.
ÌYÀWÓ: Kò sọ nǹkan kan nípa iná.
ÈMI: Kí ló dé tí kò fi sọ?
ÌYÀWÓ: Ẹ lọ bi í.
ÌYÀWÓ: Ẹ bá wa ra búrẹ́dì bọ̀.


9.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn. Ọwọ́ ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ náà kò sì kẹ̀rẹ̀. Mo ní kó bá mi tẹ ìkéde tí n ó lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri. Mo sọ ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún un. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹni tó gbé iná sí yín lójú lórí afárá? Ó ti wà nílẹ̀, Tíṣà. Obìnrin kan wá ṣe irú ẹ̀ lánàá. N ó kàn yí ibi tó yẹ padà ni."

Mo san owó, mo gbà á, mo jáde. Ìdí ọkọ̀ elérò ni mo ti kà á.


10.

━━━━━━━━━━━━━━━━
A Ń WÁ AWAKỌ̀ YÌÍ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lórí afárá, awakọ̀ kan gbé iná sókè sí mi lójú. Mo ṣẹ́jú iná fún un pé kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ kán.

ỌKỌ̀ NÁÀ: aláwọ̀ eérú. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ pupa.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ pè mí.
━━━━━━━━━━━━━━━━


11.

Ọkọ̀ mi jẹ́ aláwọ̀ eérú.


12.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ha ògiri lọ́dún tó kọjá. Mo ra òmíràn. Pupa nìkan ni wọ́n ní.


13.

Mo padà síbẹ̀.

ÈMI: Ta ló rán ẹ sí mi?
ATẸ̀WÉ: Ẹ̀n-ẹ́n?
ÈMI: Ṣé ìyàwó mi ni, àbí ọ̀gbẹ́ni gílóòbù?
ATẸ̀WÉ: Tíṣà, kí ló dé? Ẹ jẹ́ n wò ó. Yéè! Mi ò yí ibi ọkọ̀ padà. Ti obìnrin yẹn ni mo fi sílẹ̀. Ẹ má bínú. Báwo ni èyí tí ẹ̀yin ń wá ṣe rí?
ÈMI: Obìnrin yẹn, kí ló ṣe é?
ATẸ̀WÉ: Kòtò ló já sí lẹ́yìn afárá. Bàbá rẹ̀ ló gbé. Wọ́n ní eegun ìbàdí bàbá ti yẹ̀.
ÈMI: Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.
ATẸ̀WÉ: Ẹ mọ awakọ̀ náà ni?


14.

Ilẹ̀kùn pupa lè pọ̀ nílùú yìí. Mo lọ jókòó sẹ́bàá afárá láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Mo rí ilẹ̀kùn pupa kan. Gbogbo ara ọkọ̀ náà ló pupa.


16.

Ọsibítù. Ní ọ̀sán.

Ẹ̀GBỌ́N: Jókòó. Má dúró sí mi lórí bí ọlọ́pàá.
ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí iná rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àbí ẹ ò rí i?
Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí i. Mo rí ọwọ́ tìẹ náà. O gbé iná tìẹ sókè. O ní, "Ó dáa, ká jọ fọ́jú." O ń rẹ́rìn-ín.
ÈMI: Òun ló bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀GBỌ́N: Ó lè jẹ́ òun. Mo ní kó o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, o ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
ÈMI: Ṣé ẹ ti sọ fún ọlọ́pàá?
Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀la ló ń bọ̀. Mi ò ní parọ́ fún un. Àmọ́ ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ẹ́ dàgbà, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Lọ sọ ọ́ fúnra ẹ.


17.

Mo ti ń wá bí n ṣe máa sọ pé ojú ẹ̀gbọ́n mi kò dáa. Títí di ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kán, ó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú.


18.

Bí mo bá sọ ọ́, ta ló máa rán ọmọ rẹ̀ sí mi pé kí n kọ́ ọ ní ọkọ̀? Bí mi ò bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sọ ọ́, kò sì ní wojú mi mọ́. Èyí èkejì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mi ò ní ìyá míì.


19.

ÈMI: Ṣé o ti mọ̀?
ÌYÀWÓ: Láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹni tó bá gbé iná sí yín lójú, ẹ máa ń gbé tiyín padà.
ÈMI: O ò sọ nǹkan kan!
ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè.


21.

Ìpè orí fóònù

OBÌNRIN: Ẹ ǹ lẹ́ o.
ÈMI: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ ìkéde yín ni.
OBÌNRIN: Háà! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ dúró, kí n jáde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, ó ń sùn. Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé ẹ rí ọkọ̀ náà?
ÈMI: Mo rí i.
OBÌNRIN: Èyí tó ní ilẹ̀kùn pupa?
ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.
OBÌNRIN: Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sọ orúkọ rẹ̀, èmi náà gbé iná sókè sí i o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gbé e sókè, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí inú ń bí mi. Mo ti sọ ọ́ fún bàbá mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Mo kàn fẹ́ kí onítọ̀hún náà sọ tiẹ̀ ni. Ta ló wà á?
ÈMI: