Páwà-páàkì Tó Wúwo

Ọwọ́-Kì-Í-Parọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà ní gbogbo ìlà ìsọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ gbé páwà-páàkì wá fún un, àpótí irin kékeré tó ń fún kọ̀ǹpútà níná, kò ní tú u, kò sì ní tàn án wò. Àtẹ́lẹwọ́ ni yóò gbé e lé, yóò dijú bí ẹni ń gbàdúrà, yóò ní, "Èyí dáa," tàbí, "Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín." Irin àti bàbà ló ń mú ojúlówó wúwo, ayédèrú a máa fúyẹ́. Ọgbọ́n yẹn ò já a kulẹ̀ rí, ìgbéraga rẹ̀ sì ti ń gùn ún díẹ̀.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ yìí. Obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní ìsọ̀ kejì ló ké sí i.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan tí ẹ yìn fún wa."

Ó ti tú ọ̀kan nínú àwọn páwà-páàkì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgboro. Ọkùnrin wa ti polówó rẹ̀ títí: kò wọ́n, ó wúwo, kí lẹ tún ń wá? Nínú rẹ̀, àwọn wáyà tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ìdí wọn sì ti dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ègé irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Kò so mọ́ nǹkan kan.

"Iṣẹ́ wo wá ni irin yìí ń ṣe?" ó bi í, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀.

"Nítorí àtẹ́lẹwọ́ yín ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀," obìnrin náà dáhùn, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ò pa ọkùnrin náà. Irú rẹ̀ gan-an ló ní kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin rà lánàá. Ẹ̀gbọ́n yìí ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé. Ìwé odindi kan tó yẹ kó fi ránṣẹ́ lọ́la, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà. Irú páwà-páàkì bẹ́ẹ̀ kì í sì í dá jóná. Ó lè kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà lọ.

Ó pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó jókòó, ó dìde. Ó mú sukudiráfà, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kan sí i tí kò sí ìdáhùn, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ láì tì í, ó sì ń bínú sí gbogbo ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lójú títì.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Fáànù kọ̀ǹpútà ń pariwo, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbóná nígbà tó fọwọ́ kàn án.

"Sìstá mi, ẹ pa á."

"Kí n pa kí ni? Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni mo wà. Jókòó, jàre."

"Páwà-páàkì yẹn ò dáa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí ìwọ lo gbé e lánàá tí o ní ó dáa." Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa iná lára ògiri. Tó bá pa á, iṣẹ́ òwúrọ̀ yìí lọ. Tí kò bá pa á, gbogbo rẹ̀ lè lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Irọ́ tó lè pa wà lẹ́nu rẹ̀: kó ní iná àdúgbò ló ń ṣe ségesège. Ojú ń tì í gidi.

"Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní. "Mo kàn gbé e ni. Gbígbé náà ni mo máa ń gbé gbogbo wọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá yíjú sí i. Ó tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀, ó kó o sínú fláàṣì, ó sì pa kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ń retí èébú. Èébú ò dé.

"Àwọn yòókù tí o sọ fún ńkọ́?"

Ó yọ fóònù. Akọ̀wé ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ pè, ẹni tí orúkọ gbogbo aláìsàn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Onítọ̀hún ò jẹ́ kó kí òun tán.

"Ọ̀gá mi! Ẹ ṣé o! A tún ti ra mẹ́ta sí i láàárọ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ yín."