Ẹni Tó Wé Wáyà Náà

3.

…kò sí. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, ni gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń wí. Rewáyà obìnrin náà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, fi báírò pa orúkọ ilé ìtajà kejìlá rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Dáínámò tó ń fún bátìrì rẹ̀ níná ti jóná kanlẹ̀.

4. ÌKÉDE

À Ń WÁ DÁÍNÁMÒ ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ ÀTIJỌ́.
Tó bá ti kú, ẹ ṣáà mú un wá.

5.

ONÍṢÒWÒ ÀLÒKÙ: Àǹtí, mo ní ọ̀kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wáyà inú ẹ̀ wé ni.
REWÁYÀ: Tó bá jẹ́ irọ́, orí yín ni màá sọ ọ́ lù.
ONÍṢÒWÒ: Ẹ máa sọ ọ́. Agbárí mi le.

6.

Ìyá rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà: "Ọdún kẹsàn-án rèé tí odò ti gbé bàbá yín lọ. A ò rí òkú sin. Ọkọ̀ yìí nìkan ni mo rí máa kí láàárọ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó dá mi lóhùn."

7. OHUN TÓ WÀ NÍNÚ PÁÁLÍ

– dáínámò kan, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan
– kábọ́ọ̀nù tuntun méjì tó ń gbé iná kọjá
– bẹ́ríǹ, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́

8.

Rewáyà tú ìdérí ẹ̀yìn dáínámò náà, kó lè mọ irú ọwọ́ tó ṣe é. Wáyà náà tò ṣìkìṣìkì. Òwú pupa ni wọ́n fi di ìparí rẹ̀: kókó mẹ́ta, ìkẹta lódì.

Bàbá rẹ̀ ló ń di í bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ló sì fi kọ́.

Wọ́n fi ìṣó ha ọjọ́ tí iṣẹ́ parí sínú ìdérí.

9.

Oṣù tó kọjá.

10.

o  ṣ  ù    t  ó    k  ọ  j  á

11.

Ó lè jẹ́ pé kókó jọ kókó. (Ìkẹta yẹn ńkọ́?)
Ó lè jẹ́ pé ojú òun ló ń tan òun jẹ. (Ó fi ìka kàn án. Ó wà níbẹ̀.)

12. ÌPÈ

REWÁYÀ: Ta ló wé e?
ONÍṢÒWÒ: Ó ti bàjẹ́ ni?
REWÁYÀ: Mo ní ta ló wé e!
ONÍṢÒWÒ: Ẹ rọra o. Bàbá kan ládùúgbò wa ni. Wọ́n jókòó síwájú mi báyìí, wọn ò jẹ́ n sinmi: irú ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi sí?
REWÁYÀ: Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi.
ONÍṢÒWÒ: Bàbá, ẹ gba fóònù, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

13.

Ẹnì kan ti gba fóònù lọ́hùn-ún. Ó ń mí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ tí ojú ẹ fi rí báyìí?" Ìyá rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

14.

Rewáyà na fóònù náà sí ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ní agbedeméjì.