Gílóòbù Tí Akọ̀wé Rà

Àbúrò ọkọ mi ni Àbdùlràhmọ̀n. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà n kì í pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni mo ń pè é.

Òun ló ra gílóòbù tuntun méjì síwájú ọkọ̀ mi. Wọ́n kọ 8000K, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, sára páálí rẹ̀. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ, pé tuntun yìí á tàn ní ìlọ́po méjì. Irọ́ ni. Àwọ̀ iná ni nọ́ńbà yẹn ń sọ: bó bá ṣe ga tó ni iná ń di búlúù tó. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan ní Kubwa ló là mí lóye, ojú mi náà sì rí i. Bí òjò bá ń rọ̀, omi òjò nìkan ló ń tàn, títì á dúdú.

Mo ní kí Yàhàyá, ọkọ mi, jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ṣé kí wọ́n lè máa sọ nílé àwọn ní Ìlọrin pé mo da ẹ̀bùn ọmọ ìyá òun nù. Èmi àti Akọ̀wé la sì jọ ń ti ibi iṣẹ́ ní Wuse bọ̀ wá sílé lójoojúmọ́. Bí mo bá yọ ọ́, á mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn Màgàríbì, òjò ká wa mọ́ márosẹ̀. Hikmah, ọmọ mi ọdún méje, wà lẹ́yìn. N kò rí ìlà títì, n kò rí etí rẹ̀. Tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn, n kò lè dúró. Akọ̀wé ń ṣàlàyé ìmọ̀ ẹ̀rọ fún mi. Ọkùnrin kan ṣàdédé yọ níwájú wa, ó ń ti ọ̀kadà tó kú. Mo yà sọ́tùn-ún. Táyà wọ kòtò etí títì, ọkọ̀ dúró.

Mo ní, “Akọ̀wé, ẹ wá wà á.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin tí ẹ lè ríran. Ọmọ yín ló wà lẹ́yìn.”

Ó bọ́ sáyè mi. Ó fọwọ́ nu gíláàsì, ó tún un nu. Ó pa ọkọ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí òjò dá.”

Wákàtí kan ààbọ̀ la fi jókòó síbẹ̀. Bí tírélà bá ṣe ń kọjá ni ọkọ̀ wa ń mì. Hikmah ń sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Yàhàyá pè mí sí pálọ̀. Ó ní Akọ̀wé ti ṣèwádìí, ó ti rí i pé iná tó pọ́n díẹ̀ ló dára fún òjò, kí n pààrọ̀ gílóòbù náà, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ti pààrọ̀ méjèèjì láti ìdájí.