Ojú Omi Abà Fáṣakin

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Àyànfẹ́, ó sì gbé e mì. Ìyá Barnabas ti ki ìkòkò ìrẹsì àná bọ inú ojú omi, ìkòkò tí iná igi ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú kirikiri, tí epo ọbẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn létí. Ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ ń ha á, ó ń kọrin ìyìn, ó sì ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀. Èédú àti epo ń tàn ká orí omi.

"Kí lò ń wò bí ẹni rí àǹjọ̀nú?" Ìyá Barnabas bi í. "Wá bá mi di etí ibí mú jàre. Káǹpù tí kò ní ẹ̀rọ omi, tí kò ní iná, tí kò ní nẹ́tíwọ̀kì! Ṣáláńgá tí wọ́n fi tapólì yí ká, atẹ́gùn kan ló kù kó tú gbogbo wa láṣìírí. Bí mo bá sọ fún Barnabas pé orí ẹní ni mo sùn mọ́jú, á ní irọ́ ni mò ń pa."

Àyànfẹ́ di etí ìkòkò náà mú.

Wọn kì í fi ìkòkò dúdú kan omi yẹn. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní Abà Fáṣakin tí kò mọ̀. Odò Ọ̀yún wà níwájú fún aṣọ fífọ̀, fún ìwẹ̀ àti fún ìkòkò. Ṣùgbọ́n ojú omi kékeré tó ń sun lábẹ́ àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, mímu nìkan ni. Igbá tó mọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, wọ́n sì ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Àyànfẹ́ mọ̀. Abà yìí ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ ojú omi yìí gan-an ló sì ti jẹ pàṣán lọ́jọ́ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Kí ló wá dí i lẹ́nu? Mummy Dámiláre ni.

Ìyáàfin Ọmọ́ládé, tí gbogbo ayé ń pè ní Mummy Dámiláre, ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìyá ní ìjọ Áńgílíkà wọn ní Ọ̀fà. Òun náà ni ìyá Olúwadámiláre tí Àyànfẹ́ fẹ́ fẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n àṣẹ kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan tó sì máa ń sọ ni pé ìdílé onígbàgbọ́ paraku ni ọmọ òun ti máa mú ìyàwó, òun kò fẹ́ ilé tí wọ́n ti ń bọ nǹkan kan lẹ́yìnkùlé. Bàbá Àyànfẹ́ tó ti dolóògbé, tíṣà ni, ó sì ti sọ Fáṣakin di Olúṣakin kó tó gbéyàwó. Lọ́jọ́ tí Mummy kọ́kọ́ bi Àyànfẹ́ pé ṣé ìyá bàbá rẹ̀ ṣì wà, ó ní, "Wọ́n ti kú, Mà." Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Irọ́ náà ì bá sùn síbi tó wà, bí kì í bá ṣe pé ìjọ rí ilẹ̀ sí etí odò. Mummy ní kí wọ́n tó kọ́ nǹkan kan síbẹ̀, kí Ẹgbẹ́ Ìyá kọ́kọ́ lọ fi àdúrà tẹ ilẹ̀ náà dó. Nígbà tí Àyànfẹ́ gbọ́ ibi tó jẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Mummy fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò wá gbé e lọ bá bọ́ọ̀sì ìjọ. "Orí fífọ́ kọ́, ìyàwó mi," ó ní. "Atẹ́gùn odò á wò ó sàn."

Báyìí ni wọ́n ṣe bá ara wọn lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri, lórí ẹní, pẹ̀lú ẹ̀fọn tí kò mọ ẹni tí í ṣe ààrẹ.

"Yéè! Ta ló dán èyí wò?"

Ohùn yẹn! Àyànfẹ́ kò tíì yíjú tó fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀ṣúnbùkọ́lá, ìyá bàbá rẹ̀, ló dúró lókè àpáta, ìkòkò amọ̀ lórí òṣùká, igbá lọ́wọ́, ẹ̀gbà idẹ lọ́rùn ọwọ́. Ó ti tẹ̀ díẹ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ.

"Mama, ẹ kú àárọ̀ o," Ìyá Barnabas dá a lóhùn. "Ìkòkò lásán la fọ̀."

Mummy Dámiláre gbọ́ ariwo, ó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, bí wọ́n ti ń kí àlejò pàtàkì.

"Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin ìyá ìjọ. Ẹ káàbọ̀ sí abà wa. Ẹ má bínú sí mi o. Omi tí à ń mu nìyí, kò sí òmíràn. Odò ló wà níwájú yẹn. Ẹ bá mi máa fọ ìkòkò níbẹ̀."

Mummy wo ẹ̀gbà idẹ náà, ó sì fà sẹ́yìn. "Mama, ilẹ̀ ìjọ la wà. Ẹ má fi òrìṣà yín dẹ́rù bà wá."

"Òrìṣà kọ́ ni mò ń wí, Ìyáàfin. Èédú ni."

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹni tó di etí ìkòkò mú. Ojú ìyá àgbà là. Ẹnu rẹ̀ ya pẹ̀lú ẹ̀rín, oríkì ọmọ ọmọ rẹ̀, Àwẹ̀ró, sì ti fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Àyànfẹ́ mi orí sí i, díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Mummy rí i. "Àyànfẹ́, ṣé o mọ mama yìí ni?"

"Rárá, Mà. N kò mọ̀ wọ́n rí."

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ìyá àgbà pa ẹnu dé. Ó wo Àyànfẹ́, ó wo Mummy, ó sì tún wo Àyànfẹ́.

"Ojú ló ń ṣe mí bákan, Ìyáàfin," ó ní pẹ̀lẹ́. "Ó jọ ẹnì kan tí mo tọ́." Ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ olọ́mọ."

Ó sì gbé òfìfo ìkòkò rẹ̀ padà lọ.

Ojú ti Àyànfẹ́ débi pé ara rẹ̀ bù máṣọ. Ì bá dára kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í lanu lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ó wọnú ṣáláńgá onítapólì lọ, ó dúró síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni kò ti sí ẹni tó máa wo ojú rẹ̀. Òórùn lé e jáde.

Lọ́sàn-án, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, Mummy fà á dìde láàárín àwọn ìyá. "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n tọ́ sínú ìgbàgbọ́," ó ní. "Kò níbi tó ń lọ, kò níbi tó ń bọ̀. Ọlọ́run ló fi ṣe mí lóore." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ń dùn ún bí ìgbátí. Ọmọ olọ́mọ. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni; òun kò tilẹ̀ júwe rẹ̀ rárá. Ó ti sọ pé ìyá tó ń pín ẹran ẹnu rẹ̀ fún òun ti kú, nígbà tí ìyá náà sì wá dúró níwájú rẹ̀ láàyè, ó tún un pa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, kẹ́ẹ̀gì omi mímu tí wọ́n gbé wá ti gbẹ. Òjò ti rọ̀ lókè, odò pọ́n bí ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n da ilẹ̀ sí. Ojú omi sì wà bó ti wà, epo ṣì ń dán lórí rẹ̀. Òùngbẹ dé. Mummy ń pe awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọ lórí fóònù, fóònù kò dáhùn.

"Ẹ wá wò o!" Ìyá Barnabas ké láti ẹnu ọ̀nà káǹpù.

Lábẹ́ igi irúgbá, ìkòkò amọ̀ kan wà nílẹ̀, ó kún fún omi tó mọ́ gaara, ewé tútù bò ó, igbá wà lórí ewé. Àyànfẹ́ sún mọ́ ọn. Etí ìkòkò náà ti ṣán níbì kan. Òun ló ṣán an nígbà tó wà lọ́mọdé, tó fẹ́ gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Omi inú àmù ìyá àgbà nìyẹn, ìyẹn tó kù fún un láti mu.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án," Mummy sọ. "Ta ló mọ ohun tí wọ́n ti sọ sí i? Ìyá Barnabas, ẹ dà á nù."

Ìyá Barnabas lá ètè. Ó wo omi náà bí ẹni ń wo ọkọ tó fẹ́ lọ sójú ogun, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e.

"Ẹ má dà á nù!"

Gbogbo wọn yíjú. Àyànfẹ́ ti wà lórí eékún. Ó bu omi náà, ó mu ún tán, ó sì dá igbá padà.

"Ìyá tó bí bàbá mi ló gbé e wá, Mà. Àwọn ni wọ́n wá bẹ̀ wá lánàá."

"Ìyá bàbá rẹ wo? Ṣebí o ní wọ́n ti kú?"

"Mo purọ́, Mà. Wọn kò kú. Mò ń tijú wọn ni. Abà wa nìyí. Fáṣakin ni bàbá mi ń jẹ́ tẹ́lẹ̀."

"Háà!" Ìyá Barnabas ká ọwọ́ lérí. "O fi ẹnu ara rẹ sin ìyá rẹ láàyè? Àyànfẹ́!"

Mummy Dámiláre kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ṣé ọmọ mi mọ̀?" ó bi í.

"Kò mọ̀, Mà. Irọ́ kan náà ni mo pa fún un."

"Kúrò níwájú mi."

Àyànfẹ́ dìde. Ó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó sì kọrí sí ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ Ìyá Barnabas lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé, "Ẹ bá mi gbé igbá yẹn jàre, Mummy. Òùngbẹ kò mọ Áńgílíkà."

Ìyá àgbà ti wà nínú ojú omi, ó ká ìró lé orúnkún, ó ń gbọ́n omi tó bàjẹ́ náà dànù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: bí ojú omi bá dọ̀tí, wọ́n á gbọ́n ọn títí ìsàlẹ̀ á fi yọ, kí tuntun lè sun. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni. Àyànfẹ́ bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ dìde," ìyá àgbà ní láìwò ó. "Kí aṣọ yín má bàa bàjẹ́."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Màmá, ẹ má fi ẹ̀yin pè mí. Ojú ń tì mí. Ẹ nà mí, ó sàn."

Ìyá àgbà ń gbọ́n omi. Àyànfẹ́ wọ inú omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Wọ́n gbọ́n ọn títí. Èédú lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

"Ṣé wọ́n mu omi yẹn?" ìyá àgbà bi í nígbà tó yá.

"Mo mu ún, Màmá. Mo sì sọ ẹni tó gbé e wá fún wọn. Gbogbo wọn ló gbọ́."

"Ìyáàfin tó bá mi sọ̀rọ̀ lánàá yẹn, ṣé ìyá ọkọ rẹ ni?"

"Àwọn gan-an."

"Ṣé wọ́n á ṣì fẹ́ ọ báyìí?"

"N kò mọ̀."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì na igbá sí i. "Igbá ni kí o fi gbọ́n ìsàlẹ̀, Àwẹ̀ró. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń ru ẹrẹ̀ sókè. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Òjìji kan bọ́ sórí omi. Mummy Dámiláre ló dúró lókè àpáta, ó káwọ́ gbera. Ìyá àgbà gbójú sókè, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá ọkọ Àwẹ̀ró. Ọmọ yín ni mo yá fún iṣẹ́."

Ìkíni àna nìyẹn, a kì í sì í gbọ́ ọ ká dákẹ́. Àyànfẹ́ kò gbójú sókè láti mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ ẹ. Ó tẹ̀ba, ó ki igbá sísàlẹ̀, ó sì ń gbọ́n omi lọ.