Kọ́là Orí Ìṣó

Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ ni, kì í sì í ju bébà líle nù. Páálí bàtà, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, àpò lẹ́tà tó bá ti ki, gbogbo rẹ̀ ló ń gé sí àwòṣe apá àti kọ́là, tí yóò fi há orí ìṣó lẹ́yìn máṣíìnì. Mo ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di ààtàn. Ó ní ààtàn ló ń bọ́ òun.

Máṣíìnì yẹn gan-an ló dá ẹjọ́ sílẹ̀. Àwìn ló rà á, ó ń san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, kò rówó san mọ́, ni ilé-iṣẹ́ bá ní àwọn ti fagi lé àdéhùn, àwọn ń bọ̀ wá gbé ẹrù àwọn. Bẹ́ẹ̀, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé ìkìlọ̀, kí wọ́n fún un láyè láti san èyí tó jẹ sẹ́yìn. Àbúrò mi ní òun ò rí ìwé kankan.

Èmi ni mo bá a lọ sí ọ́fíìsì ìlàjà. Mo pariwo, mi ò ní purọ́. Onílàjà ní bí ilé-iṣẹ́ kò bá rí ẹ̀rí pé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, máṣíìnì kò ní kúrò níbi tó wà. Aṣojú wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí mo sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín, kò jiyàn. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọ̀la ká padà síbẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú aṣọ funfun lábíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹjọ́ lọ́tọ̀, iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ bá mi rán ṣẹ́ẹ̀tì kan."

Ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ kan ejò nínú. Mo ṣẹ́jú sí àbúrò mi títí, kò tiẹ̀ wò mí. Inú rẹ̀ ti dùn.

"Irú kọ́là wo lẹ fẹ́?"

Ojú ọkùnrin náà ti wà lára ìṣó tipẹ́. "Aláwọ̀ búlúù yẹn."

Àbúrò mi já a wálẹ̀, ó fi wọn ọrùn rẹ̀. Ọkùnrin náà gbà á, ó yí i padà. Àpò lẹ́tà tí wọ́n gé láìṣí i ni. Ó rọra fa bébà inú rẹ̀ yọ: òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, sísọ́ọ̀sì sì ti la ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ já láàárín.

"Mo rò pé ìpolówó ọjà ni," àbúrò mi wí. "Ìyẹn lẹ máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ṣí i."

"Mo gbà yín gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ó dé."

Ó fi kọ́là náà sápò, ó fọwọ́ pa máṣíìnì lórí.

"Ẹ bá mi parí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lónìí."

Àbúrò mi jókòó, ó sì rán an.