Máṣíìnì Tí Kò Ṣeé Gbé Sáré

Ìyá ìyàwó tó wá láti Enerhen gbé káàdì ìgbéyàwó náà sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó sì fi èékánná fa ojú ibi tí bébà méjì ti pàdé.

"Madam, na gum you gum am?"

Irọ́ ò sí lẹ́nu Ìyádùnní láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ma, na gum. But na correct gum."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rọra dá káàdì padà sórí tábìlì bí ẹni ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà, ó ní, "I dey come." Ẹni tó bá ti gbé Warri rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó di gbére.

Ìyádùnní kọjú sí máṣíìnì rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó gbé ipò ìkẹyìn wálé. Máṣíìnì kékeré ni, ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin kan lọ. Wọ́n á gbé abẹ tí wọ́n tẹ̀ bí òdòdó tàbí bíi labalábá lé bébà lórí, wọ́n á fi àwo ike há a lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á wá máa yí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Bó bá fi máa jáde lódìkejì, òdòdó ti gé. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń gé káàdì ìgbéyàwó, káàdì ìsọmọlórúkọ àti páálí kéékì fún àwọn ará Okumagba Layout.

Ṣùgbọ́n ayé ti fẹ̀ ju ẹnu máṣíìnì lọ. Káàdì ńlá ni wọ́n ń fẹ́ báyìí, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn olójú méjì, tí wọ́n gé orúkọ ọkọ àti ìyàwó ní ihò fínnífínní síwájú rẹ̀. Ló bá di pé kí Ìyádùnní gé e ní méjì kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Oníbàárà kẹta nìyí láàárín oṣù kan tó máa rí ojú àpá. Bó bá ń bá a lọ báyìí, kí ọdún tó parí, ata gan-an ni yóò máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ máṣíìnì ńlá wà nílùú. Folúkẹ́ ló ni ín, ìyàwó ọ̀gá kan níléeṣẹ́ epo. Ó fi ń ṣe ìwé àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ láti fi pa ìrọ̀lẹ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn oníbọn inú odò ti sọ òṣìṣẹ́ epo di ẹran ìgbẹ́, tí wọ́n ń gbé wọn lójú ọ̀nà bí ẹni ń ṣa ìgbín, iléeṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti ní kí gbogbo wọn padà sí Èkó. Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn. Ọjọ́bọ̀ nìyí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá mú un," ni Folúkẹ́ ti ń pariwo lórí fóònù láti ọjọ́ Mọ́ńdé. "Ọkọ mi ní òun ò ní gbé irin lọ sí Èkó. Ohun tí ẹ bá ní lọ́wọ́, ẹ mú un wá!"

Owó kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni Sàláhúdéènì.

Sàláhúdéènì ni ọkọ Ìyádùnní, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Deco Road. Ní 2003, nígbà tí ìlú dàrú, iná jó ilé tí wọ́n ń gbé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ilé mìíràn, ọkùnrin náà ṣòfin kan ṣoṣo: ohun tí ènìyàn kan ò bá lè dá gbé láti yàrá ẹ̀yìn dé géètì kí òun tó ka ogún, kò gbọdọ̀ wọ ilé òun.

Òfin yìí kò yọ ohunkóhun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wọn ń ká. Tẹlifíṣọ̀n wọn kò tóbi ju páànù àkàrà lọ. Inú báàgì ni aṣọ ń gbé. Kò sí fíríìjì, kúlà olómi yìnyín ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Sàláhúdéènì wá kí wọn láti ilé ní ọdún kẹta, ó wo pálọ̀ yíká, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó dé ni, àbí ẹ fẹ́ máa lọ?" Bí wọ́n bá ra nǹkan tuntun, Sàláhúdéènì á lọ dúró sí géètì, á tún fìlà dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àga onítìmùtìmù kan dé àárín àgbàlá nígbà tí kíkà pé ogún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.

Ìyádùnní mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, nígbà tí Sàláhúdéènì ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, máṣíìnì ńlá ló pàdé ní yàrá ẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà takisí àti Mama Onome, aládùúgbò wọn tó jẹ́ Urhobo, ni wọ́n bá a gbé e wọlé.

"Ìyá Rìnsọ́lá, kí lèyí?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Rìnsọ́lá. Máṣíìnì ni."

"Mo rí i. Ọkọ̀ ojú omi wo ni wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀?"

"Bébà ló ń gé."

"Bébà! Èyí lè gé ìrókò." Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó fi bàtà tì í, kò mì. "Ó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì."

"Ẹ má ṣe àsọdùn. Ó kù díẹ̀ kó tó o."

Mama Onome ti gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí fẹ́ǹsì. "Baba Rinsola, make you leave am make e keep am! The woman don tire for gum."

"Mama Onome, you know the law of this house."

"Law! Even Abuja dey change law."

Sàláhúdéènì tún fìlà dé, ó rìn lọ sí géètì, ó kọjú sí wọn. "Ó dáa. Gbé e. Mo ti débí."

Ìyádùnní so ìró mọ́ ìdí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá máṣíìnì mú nísàlẹ̀, ó sì gbé e. Ó gbé e o! Ení, èjì, ẹ̀ta, ó jáde ní yàrá. Ẹ̀rin, àrún, ó ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọrùn rẹ̀ yọ iṣan. "Waka, my sister, waka!" ni Mama Onome ń ké. Ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ó dé ẹ̀gbẹ́ táńkì omi. Ní ẹ̀wá, máṣíìnì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀kànlá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì, òun náà sì jókòó lé e lórí.

Sàláhúdéènì kò ka èjìlá.

Ó rìn wá, ó lóṣòó níwájú ìyàwó rẹ̀. Ìyádùnní ti múra ahọ́n sílẹ̀ de ẹ̀rín ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"O rò pé nítorí fíríìjì tó jóná ni mo ṣe ṣòfin?" ló wí. "Ìyá Rìnsọ́lá, a ti dé oríta Enerhen lọ́jọ́ tí ilé jóná. Mo gbé ọmọ dání. Mo bojú wẹ̀yìn, o ò sí níbẹ̀. O ti padà lọ gbé máṣíìnì. Ìbọn ń dún, mo dúró, mo ń ka èèyàn tó ń sá jáde. Mo kà wọ́n títí tí mi ò fi mọ ohun tí mò ń kà mọ́. Wákàtí méjì. Ìgbà tí mo rí orí rẹ lábẹ́ irin yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn gba máṣíìnì lórí rẹ̀, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, wọ́n sì ń lọ. Ọdún mẹ́fà nìyí, Ìyádùnní rò pé ìbínú ló dì í lẹ́nu.

Ẹnu òun náà wá di. Mama Onome, tí kò gbọ́ Yorùbá, ń wo ojú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í pẹ́ lára Ìyádùnní, bí omi ni lára pẹ́pẹ́yẹ.

"Bàbá Rìnsọ́lá, ẹ dákun, ìbéèrè kan. Máṣíìnì wo ló dá mi padà lọ́jọ́ náà?"

"Kékeré yẹn."

"Kí ló dé tí mo fi padà?"

"Nítorí pé o lágídí."

"Ẹ yọ agídí kúrò."

"Nítorí pé… ó ṣeé gbé."

"Ẹ̀hẹn!" Ìyádùnní fọwọ́ lu irin tó jókòó lé. "Èyí ń kọ́? Ẹ̀yin lẹ kà á. Ohun tí mi ò lè gbé dé géètì, kí ni n ó padà wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀? Kí n wá kí i kú ewu? Bí wàhálà bá dé lónìí, ọwọ́ méjèèjì ni n ó máa fì, n ó sì ṣáájú yín dé Enerhen. Ohun tó ṣeé gbé ló ń pa olówó rẹ̀. Èyí tí kò ṣeé gbé, Ọlọ́run ló ni ín."

Sàláhúdéènì fẹ́ fajú ro, kò rí i ṣe. Ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́.

"Wetin she talk?" ni Mama Onome béèrè. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé, ó pàtẹ́wọ́. "Chai! Lawyer!"

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni Sàláhúdéènì. Ó gbọn fìlà, ó dé e padà. "Mo gbà. Àmọ́ kékeré yóò kúrò nílé yìí."

"Kí lẹ wí?"

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ́ àbí èmi? Ohun tó ṣeé gbé ló ń pa olówó rẹ̀. Ńlá á wọlé, kékeré á jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o kàn ń fi ẹnu dídùn tàn mí ni."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyádùnní ti mú òun fúnra rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Máṣíìnì kékeré yẹn ló fi jẹun nígbà tí kò sí òrùlé lórí wọn. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì bó lápá kan, níbi tó ti forí rù ú. Ohun téèyàn fi ẹ̀mí wewu nítorí rẹ̀, ṣé ó ṣeé fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n wákàtí méjì yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ń rí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá, tó ń ka orí tí kì í ṣe ti òun Ìyádùnní.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó fi kẹrosíìnì nu máṣíìnì kékeré títí ó fi ń dán, ó gbé e lọ fún Folúkẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi? Tèmi náà? Ṣé ó dá yín lójú?"

"Gbà á kí n tó yí ọkàn padà. Ó wọ inú báàgì, ọkọ rẹ ò ní rí i bí irin. Kó o máa rí nǹkan fi gé labalábá fáwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: ọjọ́ tí wọ́n bá ní ẹ sá, fi í sílẹ̀."

Folúkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, Èkó mà ni mò ń lọ. Ta ló ń sá ní Èkó?"

"Ohun tí àwa náà ń wí nípa Warri nìyẹn."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Sàláhúdéènì mú bóòtù mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìluhò láti ṣọ́ọ̀bù wá. Láti ọdún mẹ́fà, kò sí ìṣó kan lára ògiri ilé náà, àní èyí tí wọn ì bá fi kọ́ kàlẹ́ńdà pàápàá. Òun àti Ìyádùnní gbé máṣíìnì ńlá padà sí yàrá ẹ̀yìn, ó lu ihò mẹ́rin sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó fi sípánà de bóòtù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn ń bọ́ lágbọ̀n rẹ̀.

"Tì í wò."

Ìyádùnní fi èjìká tì í. Máṣíìnì kò mì.

"Tún un tì."

"Bàbá Rìnsọ́lá, ó ti dúró."

"Mo ní kó o tún un tì." Ó tún un tì, kò mì. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyádùnní gba Enerhen lọ. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá ìyàwó, ó sì na káàdì sí i: gbalaja, odindi, orúkọ ọkọ àti ìyàwó tí oòrùn ń gba inú wọn kọjá.

"Madam, you say you dey come. Me sef don come."

Obìnrin náà gbé káàdì sókè, ó di ojú kan, ó fi èékánná fà á láti òkè délẹ̀. Ó yí i padà, ó tún fà á. "Where the gum?"

"E no dey."

Ìgbà tí Ìyádùnní ń padà kọjá ní oríta, ó ti gba iṣẹ́ igba káàdì, kò sì gbé nǹkan kan dání. Ọwọ́ méjèèjì ló ń fì.